Ère Jésù wa tí ọwọ́ rẹ̀ já: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká gbẹ́ tuntun tó jọ wá?

Akọ̀wé_Ìjọ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ ni mí ní ìjọ Àgùdà kan ní Àkúrẹ́ níbí. N kò ní dárúkọ ìjọ náà. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n, kó fọwọ́ bo ẹnu. Atẹ́gùn òjò kan jà lóṣù tó kọjá, ó ká páànù mẹ́rin lórí ṣọ́ọ̀ṣì, àjà sì já lu ère Ọkàn Mímọ́ Jésù tó wà lápá òsì pẹpẹ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ já láti ìgúnpá. Imú rẹ̀ náà fọ́ díẹ̀.

Ère P.O.P. ni. Àwọn Fadá òyìnbó ló gbé e wá kí wọ́n tó bí mi. Ojú rẹ̀ búlúù, irun rẹ̀ dà bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Ọmọ ìjọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó wá ní òun nìkan yóò dá san owó ère tuntun, ṣùgbọ́n kì í ṣe P.O.P. mọ́. Ó ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ Jésù onígi, aláwọ̀ dúdú, tó wọ aṣọ òkè, kó jọ ọmọ Yorùbá. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, ilé ti gbóná.

Àwọn kan ní àsìkò ti tó, ó ti pẹ́ jù tí a ti ń kúnlẹ̀ níwájú ará Yúróòpù. Àwọn kan, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ Mísà Látínì, ní ibi tí ìjọ òkè òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Ìyá àgbà kan dìde níbi ìpàdé, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ tí ẹkún fi gbà á lẹ́nu. Ìpàdé méjì ti tú ká báyìí. Fadá ní ká lọ fọkàn balẹ̀, ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní ìjọ yín, kí lẹ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ bú Fadá, kó wá ibòmíràn lọ.

Ọmọ_Èkìmọ̀gùn

Ẹ ti kan páànù ná?

Akọ̀wé_Ìjọ

A ti kàn án, ẹ̀gbọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ló dáwó rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí páànù.

Bàbá_Kátíkíìsì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọdún 39 ni mo fi ṣe kátíkíìsì ní agbègbè Oǹdó kí n tó fẹ̀yìn tì. (Èmi ọmọ ọmọ wọn ni mò ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò.)

Ohun tí ẹ̀ ń pè ní tuntun yìí fi ọdún mélòó kan ju èmi gan-an lọ. Ní 1947 ni àwọn Fadá ẹgbẹ́ ajíhìnrere SMA, ẹ̀ka ti Ireland, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fadá Kevin Carroll ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sọ pé Èkìtì ni, kò kàn wá: nígbà náà, Oǹdó-Ìlọrin ni wọ́n ń pe gbogbo wa pa pọ̀, 1972 ni wọ́n tó yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó tó di dáyósíìsì tirẹ̀. Nítorí náà, ilé wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Fadá yìí kò kó àwọn Kristẹni jọ kó ní kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ gbígbẹ́. Àwọn ọ̀gá tó ti ń gbẹ́ òpó ààfin àti ère òrìṣà ló wá lọ. Bándélé ọmọ Aréógun ará Ọ̀sì wà níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé níbẹ̀, Mùsùlùmí sì ni Lámídì títí ó fi kú. Fadá á sọ ìtàn inú Bíbélì fún wọn, wọn á gbẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Àwọn amòye mẹ́ta tó wá kí Jésù lọ́mọ titun di ọba Yorùbá. Lámídì kan náà ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ wá gbọ́ ẹni tó kọ̀ ọ́. Àwọn ará wa ni! Bàbá tó bí mi sọ fún mi pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí òrìṣà ló pariwo jù. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ yìí làwọn fi sílẹ̀ nílé bàbá àwọn, kí ló tún wá ń ṣe níwájú àwọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Mi ò bú wọn. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ná wọn ní nǹkan. Ẹlòmíràn pàdánù ẹbí lórí rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ kó àwọn tó ń jà sínú bọ́ọ̀sì kan, ẹ lọ wo ilẹ̀kùn tó wà n'Íbàdàn. Kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Fóònù kọ́ ni èèyàn fi ń pinnu ère.

Máíkẹ́lì_FUTA

Ẹ kú àárọ̀ sà, Bàbá. Mo wà lára irú àwọn ọ̀dọ́ tí akọ̀wé ń sọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ mìíràn ni mo wà. Àwa la fẹ́ Mísà Látínì, àwa la fẹ́ kí èèyàn kúnlẹ̀ gba Ara Kristi, ahọ́n la sì fi ń gbà á, a kì í fọwọ́ gbà á. Àwọn èèyàn rò pé a kórìíra àwọ̀ ara wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwòrán kì í dá nìkan wá.

Ẹ wo Washington ní 2021. Ní ilé ẹ̀kọ́ òfin ti Catholic University of America, wọ́n gbé àwòrán kan kọ́ níbi tí Màríà ti gbé òkú Jésù lé ẹsẹ̀, ojú Jésù yẹn sì jọ ojú George Floyd, adúláwọ̀ ará Améríkà tí ọlọ́pàá pa ní 2020. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kí wọ́n gbé e kúrò, àwọn kan ní Jésù wà lára gbogbo ẹni tí wọ́n bá pa láìṣẹ̀. Lóṣù kọkànlá, ẹnì kan jí i. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n jí ìyẹn náà. Ẹ wo Seville ní Spéìn ní 2024. Wọ́n ní kí oníṣẹ́ ọnà kan, Salustiano García, ya àwòrán Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tí wọ́n máa lẹ̀ káàkiri ìlú. Ó ya Jésù tó jíǹde, ó wo ọmọ bíbí inú rẹ̀ láti fi yà á. Àwọn kan ní Jésù yẹn ti rọ̀ jù, ó rí bí obìnrin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n ká a kúrò nílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ tuntun ní kò sí ohun tó ṣe é.

Tí gbogbo èèyàn bá lè mú ojú ẹni tó wù ú fi ṣe ojú Jésù, ìgbà wo ló máa di ojú olóṣèlú? Ère P.O.P. yẹn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n_Oyèmẹ́kùn

Àbúrò, kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni? Pẹ̀lú ojú búlúù?

Jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wá fún ọ. Obìnrin ará Faransé kan, Màgàrẹ́ẹ̀tì Màríà Alacoque, ló rí ìran Ọkàn Mímọ́ ní Paray-le-Monial láàárín 1673 sí 1675. Ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Pompeo Batoni ló ya èyí tí gbogbo ayé wá ń dà kọ, ní 1767. Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Gesù ní Róòmù títí di òní. Àwọn èèyàn tó ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ ni Batoni rí, ojú wọn ló sì yà. Kò ṣẹ̀. Lọ wo èyí tó ṣáájú rẹ̀ pátápátá, nínú ihò tí àwọn Kristẹni ìgbà láéláé ń sin òkú sí ní Róòmù: ọ̀dọ́ darandaran tí kò ní irùngbọ̀n ni wọ́n fi Jésù ṣe, ó gbé àgùntàn kọ́ ọrùn. Kò sẹ́ni tó ya Jésù tí kò ya ohun tó mọ̀.

Ti Seville tí o mú wá, kò bá tiwa mu. Funfun ni Jésù yẹn. Ọ̀rọ̀ ara ni wọ́n ń jà lé, kì í ṣe àwọ̀.

Máíkẹ́lì_FUTA

Mo gbà lórí ti Seville, sà. N kò gbà lórí ti Washington.

Òtítọ́_Kò_Sìnmi

Ẹ́kísódù 20:4, má ṣe yá ère. Ẹ dáná sun méjèèjì.

Ọmọ_Èkìmọ̀gùn

Ẹ káàbọ̀. Fọ́tò pásítọ̀ yín tó wà lẹ́yìn mọ́tò yín ńkọ́, ṣé ti òun náà la máa sun?

Sísítà_Olùkọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti parí láti 787, nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ ní Nicaea lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ tí a bù fún àwòrán, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú àwòrán ló ń lọ. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè akọ̀wé.

Akọ̀wé, ìdí tí ìpàdé yín fi ń tú ni pé ẹ̀ ń dìbò lórí ohun tí ìbò kò lè pinnu. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1963, Ìpàdé Vatican Kejì gbé ìwé jáde lórí ìsìn. Ìpínrọ̀ 123 nínú rẹ̀ sọ pé Ìjọ kò mú irú iṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo ní tirẹ̀. Ti gbogbo ìgbà àti ti gbogbo ẹ̀yà ló ní àyè, bó bá ti bọ̀wọ̀ fún ilé Ọlọ́run. Èyí tó wù àwọn tó fẹ́ tuntun nìyẹn, wọ́n sì máa ń dúró síbẹ̀. Kí wọ́n ka ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e: kí bíṣọ́ọ̀bù rí i pé ohun tó tàbùkù sí ìgbàgbọ́, tàbí tí kò dáa tó, kò wọ ilé Ọlọ́run. Kí wọ́n sì tún ka 125: ère kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, kí wọ́n sì tò wọ́n létòlétò kó má baà da àwọn èèyàn lọ́kàn rú. Kánọ́nù 1188 nínú ìwé òfin Ìjọ sọ ohun kan náà.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Kí Fadá kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù, kó fi àwòrán iṣẹ́ náà sínú rẹ̀, kí ẹ sì dúró de èsì kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má gbé ère àtijọ́ tà, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni. Ère tí àwọn ará ìjọ bá ti ń bọ̀wọ̀ fún gidigidi, Kánọ́nù 1190 ní ẹnikẹ́ni kò lè gbé e kúrò pátápátá láìgba àṣẹ láti Róòmù. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ti ìjọ kékeré kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà má tà á.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ san owó bóyá àgbélébùú orí pẹpẹ náà wà nínú ohun tó fẹ́ pààrọ̀. Ní ìjọ kan tí mo ti sìn, wọ́n gbé Jésù tó jíǹde tó na ọwọ́ méjèèjì sókè síbẹ̀, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, ìgbà tó yá ni wọ́n sọ fún wọn pé òfin Mísà fẹ́ kí àgbélébùú tí a kan Jésù mọ́ wà lórí pẹpẹ tàbí nítòsí rẹ̀. Owó kejì ni wọ́n fi ra òmíràn.

Ọmọ_Àkúrẹ́_L'Ékòó

Mo ti kúrò nílé tipẹ́, Ẹ̀bútè-Mẹ́ta ni mò ń gbé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul níbí, Bruce Onobrakpeya ló ya Ọ̀nà Àgbélébùú, ibùdó mẹ́rìnlá ìjìyà Jésù, sára ògiri láyé 1960, ilẹ̀ wa níbí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, òun nìkan ni mò ń wò, n kò gbọ́ ìwàásù. Nísinsìnyí, tí ẹ bá bi mí pé irú aṣọ wo ni Jésù wọ̀ ní ibùdó kẹfà, n kò lè sọ. Mo kàn ń gbàdúrà ni.

Ìyẹn ni pé ojú á mọ́ ọn. Ẹ fún un ní ọdún méjì.

Adé_Ọdẹ

Kí la tiẹ̀ ń jiyàn lé? Ìfihàn 1:14 ti sọ ọ́ pé irun rẹ̀ dà bí òwú. Irun ta ló ń dà bí òwú? Tiwa!

Sísítà_Olùkọ́

Ẹ kà á tán, ẹ̀gbọ́n. Funfun rẹ̀ ló fi wé òwú, ó tún fi wé yìnyín. Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹsẹ 14 sí 16 ya Jésù, ẹ máa ya iná sójú rẹ̀, kí ẹ fi idà sí i lẹ́nu. Agbẹ́gilére wo ló máa gbà?

Ìyá_Ìbejì_Ìjàpọ̀

Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń kà yín, n kò fẹ́ dá sí i. Ẹ̀ ń sọ ti Róòmù, ẹ̀ ń sọ ti Améríkà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ mi.

Ní ìjọ tí a wà tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣe eré Ọ̀nà Àgbélébùú lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Ọmọ mi ọkùnrin há gbogbo ọ̀rọ̀ Jésù sórí. Ó ń sọ ọ́ nínú balùwẹ̀, ó ń sọ ọ́ lójú oorun. Nígbà tí wọ́n pín ipò, ọmọ kan tó pupa bí epo ni wọ́n fún ní Jésù, ọmọ tó jẹ́ pé láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Wọ́n ra wíìgì fún un. Wọ́n ní kí ọmọ tèmi ṣe Júdásì. Lọ́dún kejì, wọ́n ní kó ṣe Sátánì. Ẹ bá mi ka ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wò, kò sí Sátánì níbẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí ọmọ mi ni.

A ń lọ sílé nínú mọ́tò, ó ní, "Màámi, ṣé Jésù ò lè dúdú bíi tèmi ni?" Mo ní ó lè ṣe é. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín?" N kò rí nǹkan sọ títí a fi dé Ọjà Ọba.

Obìnrin tó ń pín ipò yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Òun ló máa ń wá kí mi nígbà tí mo bímọ. Ère tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wò tó fi ń yàn.

Akọ̀wé, ìmọ̀ràn tèmi kò ní ná yín ní owó. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére, ọdún tó ń bọ̀, ẹ fún ọmọ tó bá mọ ọ̀rọ̀ jù ní Jésù. Kó lọ láìsí wíìgì.

Máíkẹ́lì_FUTA

Mà, ẹ má bínú. Èmi náà ṣe Sátánì rí. Ọdún méjì.

Ìyá_Ìbejì_Ìjàpọ̀

Hẹ̀ẹ́. Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́.

Agbẹ́gilére_Ọ̀nà_Ọ̀dà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mùsùlùmí ni mí, n kò ní bá yín dá sí ti ẹ̀sìn, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti èyí tó já. Ó ṣe é tún ṣe. Ẹ ti ṣa àwọn àfọ́kù rẹ̀ jọ, àbí wọ́n ti gbá wọn dànù? Tí ó bá wà, wọ́n á lu ihò sí apá méjèèjì, wọ́n á fi irin tín-ín-rín kan so wọ́n pọ̀, wọ́n á fi P.O.P. tuntun dí i, wọ́n á fi sáńpépà họ ọ́, wọ́n á kùn ún. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń ṣe àjà ilé. Àwọn mọ P.O.P. lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ tí wọ́n máa ṣe fún yín, ẹ máa rò pé ògùǹṣọ̀ ni.

Ti igi: ẹ bi ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ẹ pé ìgbà wo ni wọ́n gé igi náà. Tó bá gbẹ́ ẹ ní tútù, ọyẹ́ àkọ́kọ́ ló máa là á, àyà gan-an ló sì máa ń là sí. Igi ọ̀mọ̀ fúyẹ́, ó sì rọ ọ̀bẹ lọ́rùn. Ìrókò wúwo, owó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ikán kì í tètè yọ ọ́ lẹ́nu, ohun tí màá mú nìyẹn fún ilé tí òrùlé rẹ̀ ti jò rí. Ẹ má fi ìdí rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, ẹ wá nǹkan gbé e lé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́dà kùn ún dúdú, igi náà ní àwọ̀ tirẹ̀.

Ẹ gbé àwòrán tí ọ̀gá yẹn fi ránṣẹ́ síbí kí n wò ó.

Akọ̀wé_Ìjọ

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àwọn àfọ́kù wà nínú páálí ní yàrá ìmúra Fadá. Àwòrán náà nìyí.

Agbẹ́gilére_Ọ̀nà_Ọ̀dà

Ó mọ nǹkan tó yà. Ṣé ẹ rí ojú rẹ̀ dáadáa? Ilà wà níbẹ̀. Ẹyọ kan gbọọrọ, lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Akọ̀wé_Ìjọ

Mo rò pé òjìji ni.

Ọmọ_Èkìmọ̀gùn

Òjìji kẹ̀? Ilà Oǹdó nìyẹn! Ọmọ ìlú mi ni Jésù! Bí ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ gbé e sínú mọ́tò kó máa bọ̀ nílé.

Ẹ̀gbọ́n_Oyèmẹ́kùn

Ó dáa, ẹ dúró ná. Jésù dúdú, mo fara mọ́ ọn. Jésù Yorùbá, mo fara mọ́ ọn. Jésù tó kọlà Oǹdó, tó máa dúró sí àárín Àkúrẹ́, tí a máa máa kúnlẹ̀ fún? Rárá o.

Máíkẹ́lì_FUTA

Sà, ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sẹ́ni tó ya Jésù tí kò ya ohun tó mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Oyèmẹ́kùn

Mo sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ará Oǹdó ló ń yà á.

Bàbá_Kátíkíìsì

(Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n mí ná.)

Ẹ ṣí Lúùkù 2:21. Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i, wọ́n kọ ọ́ nílà. Ilà tí Jésù kọ nìyẹn, kò sì sí lójú. Júù ni. Ọmọ Násárétì ni. Òyìnbó tó gbé ère P.O.P. wá gbàgbé pé Júù ni, àwa náà tó fẹ́ gbé tiwa wá, ó dà bí ẹni pé a ti fẹ́ gbàgbé. Ẹ lè wọ aṣọ òkè fún un, àlejò tó bá wọ ilé wa là ń daṣọ bò. Ẹ má kọlà fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá_Ìbejì_Ìjàpọ̀

Akọ̀wé, ó ku nǹkan kan tí ẹ kò sọ fún wa. Ìyá àgbà tó sunkún níbi ìpàdé, gbólóhùn wo ló sọ?

Akọ̀wé_Ìjọ

Ó ní, "Òun ni mo sọ fún." Kò sọ ohun tó sọ fún un. Gbogbo wa kàn dákẹ́, alága wá ní ká kọrin.

Ìyá_Ìbejì_Ìjàpọ̀

Ẹnikẹ́ni ti lọ kí wọn nílé láti ọjọ́ náà?

Akọ̀wé_Ìjọ

Rárá, mà.

Sísítà_Olùkọ́

Ẹ lọ. Ẹ má tíì pe ìpàdé kẹta.

Gbogbo wa la mọ àwòrán Àánú Ọlọ́run, èyí tó ní ìtànṣán pupa àti funfun láyà. Ní 1934 ni wọ́n kọ́kọ́ yà á, ní Vilnius. Eugeniusz Kazimirowski ló yà á, Sísítà Faustina ló ń sọ fún un bí Jésù tí òun rí ṣe rí. Nígbà tí Faustina wò ó, ó sunkún. Ó bi Jésù pé ta ló máa yà á kó rẹwà tó bó ṣe rẹwà. Ohun tó gbọ́ ni pé agbára àwòrán náà kò sí nínú ẹwà ọ̀dà tàbí ti búrọ́ọ̀ṣì, inú oore-ọ̀fẹ́ ló wà. Èyí tó sì wà nínú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, ti Kazimirowski kọ́, ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Adolf Hyła ló yà á lẹ́yìn ìgbà náà. N kò tíì rí ẹni tó jà lórí èwo ni Jésù gidi. Ẹni tó ti sunkún níwájú ọ̀kan nínú méjèèjì kò ní gbà kí ẹ jù ú sí yàrá ẹ̀yìn, ìyẹn kò sì sọ ọ́ di ọ̀tá ère tuntun.

Akọ̀wé_Ìjọ

Ẹ káalẹ́ o. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Èmi àti ìyàwó alága lọ kí Màmá lánàá, a gbé búrẹ́dì àti ọsàn lọ. A kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi bi wá pé ṣé ọwọ́ rẹ̀ tó já ṣì wà. Mo ní ó wà nínú páálí. Wọ́n ní ká gbé e wá sílé wọn kí àwọn máa tọ́jú rẹ̀ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Mo gbé e lọ lówùúrọ̀ yìí. Wọ́n ti tẹ́ ìborùn sílẹ̀ dè é.

Mo wá fi àwòrán tuntun hàn wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní aṣọ òkè náà dára. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é tí dúdú àti funfun bá jọ wà nínú ilé kan náà, ilé ọmọ àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà rí bẹ́ẹ̀. Àfi ilà yẹn. Wọ́n ní ará Oǹdó ni ìyá ọkọ àwọn, ilà yẹn gan-an ló wà lójú rẹ̀, àwọn kò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà kí ìyá ọkọ àwọn máa wo àwọn.

Ọmọ_Èkìmọ̀gùn

Mo ti gba kámú.

Akọ̀wé_Ìjọ

Ẹni tó ń san owó ti gbà láti yọ ilà. Ó ní aṣọ òkè kò kúrò. Fadá ti kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù, a kò tíì gbọ́ èsì. Ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni pé a máa tún P.O.P. ṣe, yóò padà sí ibi tó wà, kí onígi wà nínú ihò ògiri ní yàrá àdúrà kékeré. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ Látínì kò tíì gbà o. Wọ́n ní tó bá ti wọ yàrá kékeré lónìí, yóò dé orí pẹpẹ lọ́la. Àwọn tó fẹ́ tuntun náà ń kùn pé a sọ Jésù dúdú di ará ẹ̀yìn. Ìpàdé ṣì wà lọ́jọ́ Àìkú.

Máíkẹ́lì_FUTA

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọ̀dọ́ yín pé kí wọ́n lọ kí Màmá kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. N kò tíì yí èrò mi padà o. Kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ lọ.

Akọ̀wé_Ìjọ

Màá sọ fún wọn, àbúrò. Ẹ̀gbọ́n agbẹ́gilére, tí bíṣọ́ọ̀bù bá ní ká máa lọ, ṣé a lè wá rí yín lọ́jọ́ Sátidé kan?

Agbẹ́gilére_Ọ̀nà_Ọ̀dà

Ẹ máa bọ̀. Ẹ wọn gíga ihò ògiri yẹn wá, ẹ wọn ìbú rẹ̀, kí ẹ sì wọn ẹnu ọ̀nà yàrá náà pẹ̀lú. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún mi kẹ́yìn kò wọn ẹnu ọ̀nà. Ìta ni ère wọn sùn ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó rí ẹni tó máa yọ férémù.